Ta Ni Ń Kan Ilẹ̀kùn Àká? Ìtàn Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Kọ́ Láti Béèrè Ẹ̀rí Lọ́wọ́ Ara Wọn

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Nígbà tí a bá gbọ́ pé àṣírí àwọn ènìyàn tú síta láti ilé-iṣẹ́ kan, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń rò ni pé ọ̀daràn ọlọ́gbọ́n àrà kan ló jalè. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ògiri ló ti lanu láti ọjọ́ pípẹ́, tí àwọn tó kọ́lé sì mọ̀ pé ó lanu. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ kan ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí.

Ní ilé ìwòsàn ńlá, ilé ìfowópamọ́ tàbí yunifásítì, àkọsílẹ̀ kì í sábà wà nínú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú òṣìṣẹ́. Inú ẹ̀rọ ìpamọ́ kan ló máa ń wà, èyí tí a lè fi wé àká àgbẹ̀. Láàrin àká yìí àti òṣìṣẹ́ ni àwọn kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní server wà, tí wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ fún gbogbo ilé. Server yóò gba orí nẹ́tíwọ̀kì wá sí ẹnu àká, yóò ní kí ó fún òun ní fáìlì kan. Ìbéèrè tó yẹ kí àká bi í kò ju ẹyọ kan lọ: ta ni ọ́, kí sì ni ẹ̀rí rẹ? Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn onímọ̀ ti mọ bí ẹ̀rọ ṣe lè bi ìbéèrè yìí, kí ó sì gba ìdáhùn tí kò ní irọ́ nínú. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àká ni kì í béèrè ẹ̀rí títí di òní olónìí.

Ayé ìgbà tí ojú mọ ojú

Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń ní. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó yóò jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wáyà so mọ́ ọn, yóò tẹ orúkọ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò sì fún un ní nọ́ńbà tí yóò máa fi dá a mọ̀. Nọ́ńbà yìí kò mú wàhálà lọ́wọ́, nítorí pé ẹ̀rọ tó fún ènìyàn ní nọ́ńbà náà ni ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ fáìlì.

Nǹkan yí padà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1982, ń ta kọ̀ǹpútà alágbára tí ènìyàn kan lè gbé ka orí tábìlì rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà ti ń pọ̀ sí i ni fáìlì ń fọ́n káàkiri. Láti kó wọn jọ sójú kan, Sun gbé ètò kan kalẹ̀ ní ọdún 1985, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Network File System, NFS ní ìkékúrú. Ètò náà mú kí fáìlì tó wà nínú àká dà bí ẹni pé inú kọ̀ǹpútà ẹni gan-an ló wà. Kíá ni ó tàn ká gbogbo ayé.

Ọ̀nà tí NFS ń gbà dá ènìyàn mọ̀ ni ògiri ti lanu. Kọ̀ǹpútà tó ń béèrè fáìlì a kọ nọ́ńbà ẹni tó rán an sínú ìbéèrè rẹ̀, bí ìgbà tó ń wí pé: “Ẹni 501 ló rán mi wá, ẹ fún mi ní fáìlì yìí.” Àká a wo ìwé rẹ̀, bí ẹni 501 bá ní ẹ̀tọ́ sí fáìlì náà, a gbé e fún un. Kò sí ẹ̀rí kankan lẹ́yìn nọ́ńbà náà. Ẹni tó bá jẹ́ ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní root, lè sọ ara rẹ̀ di 501 lónìí, kí ó di 502 lọ́la.

Àwọn tó ṣe ètò náà kò fọ́jú sí ewu yìí. Wọ́n fi òfin kan sí i pé bí root bá wá láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí àká kà á sí nobody, ìyẹn ẹni tí kò jámọ́ nǹkan kan. Òfin yìí dí root lọ́wọ́ láti jẹ́ root lẹ́nu àká. Kò dí i lọ́wọ́ láti para dà di ẹlòmíràn kí ó tó kúrò nílé. Ohun tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ni pé kọ̀ǹpútà kò pọ̀, pé òṣìṣẹ́ tí a fọkàn tán ló ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àti pé gbogbo wọn wà nínú ilé kan náà. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Orí nẹ́tíwọ̀kì kò lójú tí a lè wò.

Ìmọ̀ ti wà kí àká tó dé

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìmọ̀ ni kò sí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1978, ó ku ọdún méje kí NFS jáde, Roger Needham àti Michael Schroeder tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí bí kọ̀ǹpútà méjì tí kò mọ ara wọn rí ṣe lè dá ara wọn mọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì tí olè lè wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ ni pé kí ẹnìkẹta wà tí àwọn méjèèjì fọkàn tán, tí ó sì ní àṣírí kan pẹ̀lú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá fẹ́ bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, ẹnìkẹta yóò rọ kọ́kọ́rọ́ tuntun fún àwọn méjèèjì, yóò sì fi ẹnà dì í, ẹnà tí àwọn nìkan gbọ́. Ẹni tó bá lè tú ẹnà náà ti fi hàn pé òun ni ẹni tí òun pe ara òun.

Ní ọdún 1981, Dorothy Denning àti Giovanni Sacco rí àléébù kan nínú ọ̀nà yìí: bí olè bá rí kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ kan gbà, ó lè gbé ìwé tó bá a rìn padà wá bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á ni. Àbá tí wọ́n dá ni pé kí a kọ àkókò sínú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí èyí tó bá ti pẹ́ jù má ṣiṣẹ́ mọ́. Nítorí náà, nígbà tí NFS dé ní 1985, oògùn àrùn rẹ̀ ti wà nínú ìwé. Ohun tó kù ni ẹni tí yóò pò ó.

Ajá olórí mẹ́ta

Àwọn tó pò ó ni àwọn onímọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1983, MIT pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation àti IBM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Project Athena. Wọ́n fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí nínú ọgbà, kí ó sì rí fáìlì rẹ̀ níbẹ̀. Ibi gbangba ni àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí wà; akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́n díẹ̀ lè sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá lórí èyí tó wà níwájú rẹ̀. Bí àká bá ń gba ọ̀rọ̀ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ gbọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan lè ka ìwé gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó sì tún ka ti olùkọ́.

Steve Miller àti Clifford Neuman ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ ètò tó yanjú ọ̀ràn yìí, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Jerome Saltzer àti Jeffrey Schiller. Wọ́n pè é ní Kerberos, orúkọ ajá olórí mẹ́ta tó ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà ìlú àwọn òkú nínú ìtàn àtayébáyé àwọn ará Gíríìsì. Bill Bryant, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ Athena, tilẹ̀ kọ eré oníṣe kékeré kan ní 1988 láti fi ṣàlàyé rẹ̀. Nínú eré náà, Athena á gbé ètò kan kalẹ̀, Euripides á fi ihò inú rẹ̀ hàn án, Athena á sì padà lọ tún un ṣe, títí ihò fi tán.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ rèé. Ọ̀rọ̀ aṣínà ènìyàn kì í rìn lórí nẹ́tíwọ̀kì rárá. Ènìyàn á sọ orúkọ rẹ̀ fún server Kerberos. Server á fi ẹnà di tíkẹ́ẹ̀tì kan, ẹnà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ aṣínà ẹni náà nìkan ló lè tú u. Tíkẹ́ẹ̀tì yìí ni yóò máa fi gba tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún àká, ọ̀kan fún lẹ́tà, ọ̀kan fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ní Athena nígbà náà, wákàtí mẹ́jọ ni tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ń lò kí ó tó kú. Àká náà lè fi ẹ̀rí tirẹ̀ hàn, kí oníbàárà má baà gbé ẹrù rẹ̀ fún àká ayédèrú.

Èrò yìí kò ṣàjèjì sí wa pátápátá. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìdajì orí ni wọ́n máa ń fá fún ìlàrí tí Aláàfin bá rán níṣẹ́, kí gbogbo ẹni tó bá rí i lè mọ ibi tó ti wá. Irun fífá jẹ́ àmì, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ní abẹ lè fá irun. Àrokò yàtọ̀: ẹni tó dì í àti ẹni tí wọ́n dì í ránṣẹ́ sí ni wọ́n jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀, bí ìránṣẹ́ tó gbé e lọ́wọ́ kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Irun fífá ni nọ́ńbà NFS. Àrokò ni tíkẹ́ẹ̀tì Kerberos, àrokò tí ó tún ní ọjọ́ ikú.

Àdéhùn láàrin ààbò àti ìyára

Nígbà tí àwọn ará Athena fẹ́ so Kerberos mọ́ NFS, wọ́n bá ìṣòro pàdé. Bí àká bá ní láti yẹ ẹ̀rí wò lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ títú ẹnà yóò pọ̀ jù fún kọ̀ǹpútà ìgbà náà, gbogbo nǹkan yóò sì máa fà. Nínú àpilẹ̀kọ tí Jennifer Steiner, Neuman àti Schiller gbé kalẹ̀ ní ìpàdé USENIX ní ọdún 1988, wọ́n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe. Ènìyàn á fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó bá kọ́kọ́ dé. Àká á kọ ọ́ sílẹ̀ pé nọ́ńbà báyìí láti orí kọ̀ǹpútà báyìí, lágbájá ni. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà lásán ni ìbéèrè yòókù á máa gbé wá, títí ẹni náà yóò fi jáde, tí àká á sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Àdéhùn ni èyí. Ẹni tó bá lè fi orúkọ kọ̀ǹpútà mìíràn ránṣẹ́ ṣì lè jalè ní àkókò tí onífáìlì wà lórí iṣẹ́. Wọ́n dín ihò náà kù gidigidi, wọ́n sì sọ òtítọ́ nípa èyí tó ṣẹ́kù.

Sun náà wá oògùn tirẹ̀. Wọ́n ṣe oríṣi NFS kan tó ń fi ẹ̀rí hàn nípa ìṣirò tí Whitfield Diffie àti Martin Hellman gbé jáde ní 1976. Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ má baà falẹ̀, nọ́ńbà tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 192 bit ni wọ́n lò. Ní ọdún 1991, Brian LaMacchia àti Andrew Odlyzko fi hàn pé nọ́ńbà náà kéré jù, wọ́n sì já a. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ajá náà ní ẹyín tó ká

Kerberos fúnra rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ àléébù. MIT fi ẹ̀dà kẹrin rẹ̀ síta fún gbogbo ènìyàn ní oṣù Kìíní ọdún 1989. Ẹ̀dà karùn-ún di ìlànà tí a kọ sílẹ̀ ní 1993. Láàrin ìgbà yìí, òfin Amẹ́ríkà ka ẹ̀rọ ẹnà mọ́ ohun ìjà ogun, kò sì rọrùn láti gbé e kọjá ibodè. Àwọn ará MIT yọ ẹnà kúrò nínú ẹ̀dà kan, wọ́n pè é ní Bones, ìyẹn egungun lásán. Ní Australia, Eric Young tún fi ẹnà padà sára egungun náà. Ní Sweden, àwọn onímọ̀ kọ odindi Kerberos mìíràn tí wọ́n pè ní Heimdal. Ìmọ̀ tí wọ́n fẹ́ sé mọ́lé gba ojú fèrèsé jáde.

Ní ọdún 1996, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Purdue rí i pé ọ̀nà tí ẹ̀dà kẹrin ń gbà ṣa kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò jinlẹ̀ tó. Ènìyàn lè mọ kọ́kọ́rọ́ náà láàrin ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ní ọdún 1998, àjọ Electronic Frontier Foundation kọ́ ẹ̀rọ kan tí owó rẹ̀ kò tó 250,000 dọ́là, tó já ẹnà DES tí Kerberos ń lò láàrin wákàtí 56. Ó tó ọdún 2012 kí àwọn olùṣèlànà tó fi òǹtẹ̀ lù ú pé kí a pa DES tì nínú Kerberos. Ìyẹn jẹ́ ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti rí i pé ó ti kú.

Dandan láti kan ilẹ̀kùn, kì í ṣe dandan láti tì í

Ní ọdún 1997, ìlànà kan tí a pè ní RPCSEC_GSS jáde, tó mú kí ẹ̀rí Kerberos lè bá gbogbo ìbéèrè NFS rìn, láìsí àdéhùn ti Athena mọ́. Nígbà tí ẹ̀dà kẹrin NFS jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2000, ìlànà rẹ̀ sọ ọ́ di dandan pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ ètò náà fi ìlànà yìí àti Kerberos sínú rẹ̀. Ní ọdún 2000 yìí kan náà ni Microsoft fi Kerberos ṣe ọ̀nà ìdánimọ̀ nínú Windows 2000, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó àti Ìbàdàn ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì láràárọ̀ láìmọ̀.

Ẹ wò ó dáadáa: ohun tó di dandan ni pé kí Kerberos wà nínú ètò náà. Kò di dandan pé kí ẹni tó ra ètò náà lò ó. Lórí Linux títí di òní, bí ẹni tó ń tọ́jú àká NFS kò bá kọ ohunkóhun nípa ààbò, sys ni àká yóò lò, ìyẹn nọ́ńbà àtijọ́ ti 1985. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí lórí iSCSI, ọ̀nà mìíràn tí server fi ń so mọ́ àká, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 2004: ọ̀nà ìdánimọ̀ tí a ń pè ní CHAP gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn lè yàn láti má lo ọ̀kankan.

Kí ló dé tí àwọn ènìyàn ń sá fún un? Iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Server àti àká gbọ́dọ̀ ní orúkọ tí kò ní àríyànjiyàn nínú lórí nẹ́tíwọ̀kì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní fáìlì kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, tí a ń pè ní keytab, tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rí. Aago wọn gbọ́dọ̀ bára mu. Ó sábà máa ń jẹ́ pé bí ìyàtọ̀ bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tíkẹ́ẹ̀tì kò ní ṣiṣẹ́. Ogún Denning àti Sacco nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni olùtọ́jú yóò yan ìpele ààbò: krb5 ń fi ẹ̀rí hàn nìkan, krb5i ń rí i dájú pé ẹnikẹ́ni kò yí ọ̀rọ̀ padà lójú ọ̀nà, krb5p ń fi ẹnà di gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń pariwo sí pé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la lè wo gbogbo èyí, kí ó sì fi sys sílẹ̀ bó ṣe wà. Ní ọdún 2022, àwọn olùṣèlànà tún gbé ọ̀nà mìíràn jáde tó ń lo TLS, irú ààbò tó ń ṣọ́ ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ibi ni Kerberos kò tíì dé.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìdí kò sí fún gbogbo àríwo yìí, pé nẹ́tíwọ̀kì àwọn wà lẹ́yìn odi, àjèjì kò lè wọlé. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èyí, odi sì ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé akẹ́kọ̀ọ́ inú ọgbà ni Athena ń ṣọ́ra fún, àwọn kì í sì í ṣe àjèjì. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí fáírọ́ọ̀sì bá wọ̀ lẹ́yìn odi náà ti tó láti máa pe ara rẹ̀ ní 501 lẹ́nu àká.

Òfin ti dé

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú buwọ́ lu òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà. Òfin náà pa á láṣẹ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń tọ́jú àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn pé kí ó lo ọ̀nà tó yẹ láti dáàbò bò ó. Àkọsílẹ̀ wọ̀nyí ni esì àyẹ̀wò aláìsàn, owó oṣù òṣìṣẹ́, máàkì akẹ́kọ̀ọ́, àwòrán àti ìtẹ̀ka wa. Ẹni tó ni wọ́n kì í dé ẹnu àká. Kò sì mọ̀ bóyá wọ́n ń béèrè ẹ̀rí níbẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè náà ti kúrò ní ti àwọn onímọ̀ nìkan. Ọmọ ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, olùdarí ilé ìfowópamọ́ kékeré, kò pọn dandan kí wọ́n mọ bí a ṣe ń tú ẹnà. Wọ́n lè pe ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn, kí wọ́n bi í pé: nígbà tí server wa bá dé ẹnu àká, ṣé orúkọ nìkan ló ń sọ, tàbí ó ń fi ẹ̀rí hàn? Bí ìdáhùn bá jẹ́ orúkọ nìkan, kí wọ́n béèrè ọjọ́ tí yóò yí padà àti ohun tí yóò ná wọn, kí wọ́n sì fún ẹni náà ní àkókò àti owó láti ṣe é. Needham àti Schroeder ti ṣe ipa tiwọn láti ọdún 1978.